Ife Tí Kì Í Jò

Ìyá ọkọ mi kò kórìíra mi o. Kí n tètè sọ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ ọ̀rọ̀ mi sódì. Iṣẹ́ mi ni wọ́n kórìíra. Táyà ni mo ń lẹ̀. Kì í ṣe pé mò ń tà á, kì í sì ṣe pé ọkọ mi ló ń lẹ̀ ẹ́ tí mo kàn jókòó tì í. Èmi gan-an ni mò ń fi irin yà á kúrò lára rímù, tí mò ń wá ibi tó ti jò, tí mò ń dí i. Ọdún kẹsàn-án rèé. Ìyá Táyà ni gbogbo àdúgbò ń pè mí, kódà kí n tó bí ọmọ kankan ni wọ́n ti ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo bí ọmọbìnrin mi, tí a ń pè ní Màdáàmù, Bàbá Mẹkáníìkì, ẹni tó ni ọgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ní kí n lọ tọ́jú ọmọ mi, pé òun á fi àyè mi sílẹ̀ dè mí fún oṣù mẹ́wàá. Oṣù mẹ́wàá pé. Ó ránṣẹ́ sí mi pé tí òun ò bá rí mi ní Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òun á gbé àyè náà fún ọkùnrin kan tó ti ń fi ẹ̀bẹ̀ dí òun létí. Mo mọ ọkùnrin náà. Táyà tó bá lẹ̀ láàárọ̀, ọ̀sán ni í padà wá bá a.

Ìyẹn ò tíì tó. Ìyá Aago, obìnrin tó ń tọ́jú ọmọ lẹ́yìn ilé wa, tí kì í sọ gbólóhùn méjì kó má wo aago, ní òfin tirẹ̀. Kì í gba fídà, ìgò ọlọ́mú rọ́bà tí ọmọ ń mu. Ó ní ìdọ̀tí ń fara pamọ́ sí i nínú. Ọmọ tó bá ti lè jókòó gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ife mu lójú òun, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó máa bá ìyá rẹ̀ lọ. Màdáàmù sì rèé, kò mọ fídà, kò mọ ife. Ọmú ló mọ̀. Tí o bá fi ṣíbí gbé omi sún mọ́ ọn, á gbá a dànù, á wá máa wo àyà mi bí onílé tó ń wo ilé tó fi owó ara rẹ̀ kọ́.

Ọjọ́ Sọ́ńdè kan ni ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀. A ti jẹun tán. Ìyá ọkọ mi, tó wá bá wa gbé fúngbà díẹ̀, gbé Màdáàmù lé ẹsẹ̀, wọ́n ní, "Ìyàwó, o ò wá fi iṣẹ́ ọkùnrin yẹn sílẹ̀? Ọmọ yìí ò ní mu ife. Mo ti wo ojú ẹ̀, mo ti rí i. Fìdí mọ́lẹ̀ kó o tọ́mọ."

Mo ní, "Màmá, á mu ú."

"Kò ní mu ú."

"Á mu ú, Màmá."

"Tí ò bá wá mu ú ńkọ́?"

Ọkọ mi gbé ojú sókè. Télọ̀ ni, ó ń fi ọwọ́ rán etí sòkòtò kan lọ́wọ́. Ó mọ̀ mí dáadáa. Ó ń fi ojú bẹ̀ mí pé kí n dákẹ́, kí n ṣáà dákẹ́. Ṣé èmi náà máa ń gbọ́?

Mo ní, "Tí Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ bá dé, kì í ṣe ti ọ̀la o, tí ọmọ mi ò mu omi nínú ife lójú Ìyá Aago, màá kó gbogbo irin iṣẹ́ mi tà, màá sì jókòó sílé bí ẹ ṣe fẹ́."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Màmá rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní, "Ọkọ ẹ gbọ́ o." Wọ́n wá dìde, wọ́n lọ fọ àwo tí wọn kì í fọ̀.

Ilẹ̀ mọ́, mo pọn Màdáàmù, ó di ìsọ̀ oníke. Ẹ ò ní gbà gbọ́ bí ife ọmọdé ṣe pọ̀ tó láyé yìí. Èyí tí ẹnu ẹ̀ le, èyí tí ẹnu ẹ̀ rọ̀, èyí tí wọ́n ki ọ̀pá ìfàmu bọ̀ láàárín, àní èyí tí ò lẹ́nu rárá, tí ọmọ á kàn máa fi ètè wá omi káàkiri etí ẹ̀. Onísọ̀ náà bi mí pé irú èwo ni mo fẹ́, ṣé èyí tó rọrùn láti mu ni.

Mo ní, "Èyí tí kì í jò."

Iṣẹ́ mi ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Láti ọdún kẹsàn-án, nǹkan kan ṣoṣo ni mo mọ̀ pé ó burú láyé, òun náà ni kí nǹkan máa jò. Mo ní kí obìnrin náà bá mi bu omi sínú báàfù. Mo dé ìdérí ife àkọ́kọ́, mo tẹ̀ ẹ́ rì sómi bí mo ṣe ń tẹ túùbù rì. Omi hó lẹ́nu ẹ̀. Mo gbé e tì. Ìkejì náà hó. Ìkẹta hó, ìkẹrin hó. Ìkarùn-ún, aláwọ̀ ewé, ó ní ọwọ́ méjì tí ọmọ lè dì mú. Nínú ìdérí ẹ̀, lábẹ́ ibi tí ọmọ á ti fà á, rọ́bà funfun kékeré kan wà níbẹ̀, ó fẹnu pọ̀ mọ́ra pinpin. Inú mi dùn bí ẹni tó pàdé ará ilé rẹ̀ lójú ọ̀nà. Fáàfù ni, irú èyí tó ń sé afẹ́fẹ́ mọ́nú táyà! Mo tẹ̀ ẹ́ rì, omi ò hó. Mo bu omi kún inú ẹ̀, mo dorí ẹ̀ kodò, mo gbọ̀n ọ́n, mo jù ú mọ́lẹ̀. Ẹ̀kán kan ò kán. Mo wá tutọ́ díẹ̀ sẹ́nu ẹ̀, bí a ti ń dán fáàfù táyà wò. Itọ́ yẹn dúró jẹ́ẹ́.

Onísọ̀ ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọmọ lẹ fẹ́ rà á fún ni àbí mọ́tò?"

"Ẹ bá mi dì í."

"Kí n má dì í kẹ̀? Ẹ ti tutọ́ sí i, ta ni mo tún fẹ́ tà á fún?"

Mo délé, mo fọ ife náà, mo fi omi gbígbóná ṣan án, mo wá dorí ẹ̀ kodò síwájú Màmá. Mo ní kí wọ́n wò ó, kò jò. Wọ́n ní àwọn rí i. Mo bu omi sí i fún Màdáàmù. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó yí i po, ó gbé e sẹ́nu. Mo ti ń wo Màmá tayọ̀tayọ̀ pé ẹ̀yin náà ẹ wá wò ó! Kí n tó yíjú padà, ife ti fò kọjá etí mi, ó ti wà lábẹ́ àga.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo fi omi tútù gbìyànjú, mo fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ gbìyànjú. Mo fún ọmú mi sínú ẹ̀, bóyá òórùn ẹ̀ á fà á. Á gbé e sẹ́nu, á di ojú mọ́ra, á sọ ọ́ nù. Ọkọ mi gbà á lọ́jọ́ kan, ó fi ìdérí máṣíìnì ránṣọ dé orí bí akẹtẹ̀, ó ń jó, ó ń ṣe bí ẹni pé òun ń mu ún. Màdáàmù rẹ́rìn-ín títí, ó gba ife, ó fi gbá a nímú. Ẹni bíni là á jọ. Ní ọjọ́ Fúráìdè mo pariwo mọ́ ọn. Mo ní, "O ò ṣáà ní ṣẹ́gun mi! Ọmọ oṣù mẹ́wàá!" Òun náà sì pariwo padà, ohùn tiẹ̀ ròkè ju tèmi lọ.

Màmá ò sọ nǹkan kan láti ọjọ́ tí mo ti fẹnu kọ. Ìgbàkígbà tí ife bá ti balẹ̀, wọ́n á rọra dìde, wọ́n á mú un, wọ́n á nù ún, wọ́n á gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì fún mi. Ká ní wọ́n bú mi ni, n bá mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Sùúrù yẹn ló ń gún mi lára.

Ní ọjọ́ Sátidé, Bàbá Mẹkáníìkì pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Ìyá Táyà, ṣé ò ń bọ̀ ní Mọ́ńdè? Ọkùnrin yẹn ti gbé àpótí irinṣẹ́ ẹ̀ dé o."

Mo ní, "Ẹ sọ fún un kó gbé e padà sílé." Mo pa fóònù. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo jókòó sórí garawa tó lómi nínú, tí mi ò sì mọ̀.

Ìgbà tó di Sọ́ńdè, mo ṣe ohun tí ojú ṣì ń tì mí láti sọ. Mi ò fún Màdáàmù lọ́mú láti ìgbà tó ti jí. Mo ní òùngbẹ á kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ọ̀sán pọ́n, ohùn ọmọ ti há. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣíìnì, wọ́n ní, "Ìyàwó, ṣé torí kó o lè borí mi lo ṣe fẹ́ pa ọmọ?"

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo gbé Màdáàmù síwájú mi, mo tún fún un ní ife náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ti rẹ̀ mí, mi ò lágbára ìjà mọ́, mo kàn ń wò ó ni, bí mo ṣe ń wo táyà tí mi ò tíì mọ ohun tó ṣe é. Ìgbà yẹn ni mo rí i. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ wọnú. Etí ẹ̀ ń mì. Òógùn yọ lórí imú ẹ̀. Ọmọ yìí ń fà á! Gbogbo agbára tí Ọlọ́run fún un ló fi ń fà á. Ẹni tó bá kọ nǹkan kì í làágùn lé e lórí. Ó fà á, fà á, fà á, ó yọ ọ́ lẹ́nu, ó wò mí, ó wá figbe ta.

Mo gba ife lọ́wọ́ ẹ̀, mo gbé e sẹ́nu ara mi, mo fà á. Nǹkan kan ò jáde. Mo tún un fà, èmi tí mò ń fi ẹnu fẹ́ túùbù kẹ̀kẹ́ nígbà tí pọ́ǹpù bá bàjẹ́. Etí mi ń hó. Ẹ̀kán omi kan ló já bọ́ sórí ahọ́n mi.

Háà! Ẹ gbà mí!

Fáàfù táyà ni mo lọ rà fún ọmọ mi. Ohun tó dára lára táyà ni pé kí ohun tó bá wọlé má jáde mọ́. Ohun tí mo fi yan ife ọmọ náà nìyẹn, tí mo tẹ̀ ẹ́ rì sómi, tí mo tutọ́ sí i, tí inú mi ń dùn. Odindi ọ̀sẹ̀ kan, ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ju èmi lọ ni mò ń pè ní olórí kunkun. N kì í bẹ ènìyàn o, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọkọ mi. Ṣùgbọ́n mo gbé Màdáàmù mọ́ra, mo ní, "Má bínú, ìyá mi. Ìyá ẹ ló gọ̀." Mo fún un lọ́mú kó tó di pé mo ṣe nǹkan mìíràn. Ó mu ún títí ó fi sùn, ó ń mí ẹ̀dùn lójú oorun.

Kó tó jí, mo ti fi èékánná yọ rọ́bà funfun yẹn kúrò lábẹ́ ìdérí. Mo bu omi kún ife. Bó ṣe jí tó gbé e sẹ́nu, omi ya lù ú. Ó wọ̀ ọ́ nímú, ó wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó húkọ́, ó la ojú rangandan. Ó wo ife náà bí ẹni tí ọ̀tá rẹ̀ kí i ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá. Ó wá tún gbé e sẹ́nu.

Ohùn Màmá wá látẹ̀yìn mi. "Ó ń jò."

"Ó ń jò, Màmá."

"Ife gidi kì í jò."

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀."

Ọmọ tún húkọ́. Mo gbọ́ tí Màmá ń mí sókè mí sódò. Wọn ò lè pa á mọ́ra. Wọ́n ní, "Ìwọ náà, ẹ̀kún ife lo bù fún un? Ṣé odò lo fẹ́ kó gbé mì ni? Bù ú níwọ̀nba, kó má ju ìka méjì lọ. Ọwọ́ ẹ, gbé ọwọ́ ẹ kúrò ńbẹ̀! Jẹ́ kó fúnra ẹ̀ gbé e sókè, kó lè mọ ibi tí á gbé e dé." Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe sọ ọ́ tán báyìí ni wọ́n rántí pé ọ̀tá la jẹ́, wọ́n pòṣé, wọ́n bá tiwọn lọ.

Mo da omi nù, mo bù ú ní ìka méjì. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ìdajì ń wọ ọ̀nà ọ̀fun, ìdajì ń wọ aṣọ. Mo pààrọ̀ aṣọ fún un nígbà mẹ́rin.

Ní Mọ́ńdè, mo wọ aṣọ iṣẹ́ mi láti ilé. Mo jáde sí pálọ̀, Màmá ti wọ aṣọ ìjáde, wọ́n ká ọ̀já ìpọnmọ sábẹ́ apá. Wọ́n ní, "Mo fẹ́ fojú ara mi rí i. Tí wọn ò bá gbà á, èmi ni mo máa pọ̀n ọ́n wálé." Mo ní kò burú. Mo pọn Màdáàmù, a jọ gba ẹ̀yìn ilé lọ.

Iyàrá Ìyá Aago mọ́ tónítóní. Bàtà kéékèèké tò lẹ́nu ọ̀nà, ẹní tẹ́ láti ògiri dé ògiri, aago ńlá kan wà lókè tó ń ró kọ́ kọ́ kọ́. Ó wo aago, ó wo aṣọ iṣẹ́ mi, ó gba ife. Ó gbé jọ́ọ̀gì tirẹ̀, ó bu omi sí i, ó kún dé etí.

Mo ní, "Ẹ ṣeun, ó ti pọ̀ jù."

"Bí a ṣe ń bù ú níbí nìyẹn."

Mo gba ife, mo ṣí ìdérí, mo gbé e sẹ́nu níwájú ẹ̀, mo mu ún títí ó fi ku ìka méjì, mo dé e padà. Mo ní, "Bí a ṣe ń bù ú nílé wa rèé." Mo gbé e fún ọmọ mi.

Màdáàmù wo aago. Ó wo Ìyá Aago. Ó gbé ife náà kalẹ̀ sórí ẹní, ó fi ọwọ́ tì í kúrò lọ́dọ̀ ara ẹ̀. Mo gbọ́ tí Màmá tú ọ̀já lábẹ́ apá. Mi ò wo ẹ̀yìn. Mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò. Ọdún kẹsàn-án. Ọgbà yẹn, ariwo ẹ̀, àwọn ènìyàn tó ń pe orúkọ mi láti òdìkejì títì. Mo ní nínú ara mi pé mi ò ní bẹ̀ ẹ́, mi ò ní pariwo, mi ò ní fi ọwọ́ kan ife yẹn.

Màdáàmù fà á padà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, ó dá orí sẹ́yìn, ó mu ún. Gbuku, gbuku. A gbọ́ ọ. Omi ń ṣàn lágbọ̀n ẹ̀, ó ń ṣàn sáyà ẹ̀, ó dé orí ẹní.

Ìyá Aago ní, "Ó ń da omi sí mi lórí ẹní."

"Ẹ ní kó mu. Ẹ ò ní kó má dà á. Ẹní á gbẹ."

Ó di ojú mọ́ra. Ó wò mí kọjá, ó kọjú sí Màmá. "Ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé báyìí ló ṣe ń mu nílé?"

Ó parí. Gbogbo ohun tí Màmá fẹ́ láti ọjọ́ yìí ti wà lẹ́nu wọn báyìí. Kí wọ́n ṣáà sọ pé àná ló bẹ̀rẹ̀, pé ife ti bàjẹ́, pé ọmọ ò tíì mọ̀ ọ́n mu, èmi á sì ta gbogbo irin mi kó tó di alẹ́. Wọ́n ń wo Màdáàmù, tó ti fi ife sílẹ̀, tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá omi tó dà sílẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín.

Màmá ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń mu. Ẹ lọ mú aṣọ ìnulẹ̀ wá."

Wọ́n ká ọ̀já padà, wọ́n nà án sí Ìyá Aago. "Tó bá fẹ́ sùn, ẹ pọ̀n ọ́n."

Mo dágbére fún Màdáàmù. Mo ti múra de ẹkún. Mo ti mọ ohun tí màá sọ, bí màá ṣe yára jáde kí ọkàn mi má yẹ̀. Kò tiẹ̀ wo ẹ̀yìn. Mo pè é lẹ́ẹ̀mejì, omi ló gbájú mọ́. A dé ìta, ni ẹkún bá gbọ̀n mí. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, mò ń sunkún bí ẹni tí wọ́n jà lólè.

Màmá ní, "Kí ló ń pa ẹ́ lẹ́kún? Ṣebí o borí?"

"Mo borí, Màmá."

"Ó yá, nu ojú ẹ. Máa lọ. Iṣẹ́ ọkùnrin yìí, èmi ò fẹ́ ẹ, mi ò sì ní fẹ́ ẹ láéláé. Ṣùgbọ́n o ò ní fi ojú ẹkún wọ ibẹ̀."

Nígbà tí mo débẹ̀, àpótí irinṣẹ́ ọkùnrin yẹn wà ní àyè mi. Mo gbé e, mo gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo kó irin tèmi kalẹ̀. Kò tíì tó wákàtí kan, ọkọ̀ kan wọ́ ẹsẹ̀ wọlé, táyà iwájú ẹ̀ ti di pẹlẹbẹ. Ọkùnrin tó wà á bọ́ sílẹ̀, ó wò yíká ọgbà, ó ní, "Ẹni tó ń lẹ táyà ńkọ́?"

Mo ní, "Èmi ni."

Ó wò mí. Ojú ẹ̀ balẹ̀ sí àyà mi, ó tètè gbé e kúrò. Àkókò tí Màdáàmù máa ń mu ọmú láàárọ̀ ti tó, ara mi ò sì tíì mọ̀ pé ó ti ń mu ife. Omi ọmú ti yọ sí aṣọ iṣẹ́ mi níwájú, lọ́tùn-ún lósì, ó tutù rinrin. Ọkùnrin náà rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, aṣọ yín ti tutù."

"Mo mọ̀. Mo ní ọmọ," mo ní, mo sì ti kúnlẹ̀ ti táyà náà. "Ẹ bá mi tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kó má baà yí."